Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Ẹ̀yìnlàárò Fi Sọnù

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ̀yin tí a jọ kọ́ iṣẹ́ òwe ní ìpele kìíní á rántí pé èmi ni mo nàka sókè lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa ní ká pa òwe tó ní ajá nínú. Èmi náà ni mo tún tú u palẹ̀: ajá dúró fún ọmọ alágídí, ọdẹ dúró fún àgbà, fèrè dúró fún ìmọ̀ràn. Wọ́n ní mo káre, wọ́n fún mi ní máàkì méjì. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ajá ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Nígbà tó wá sọnù, mo rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò jẹ́ kí ajá rojọ́ tiẹ̀ rárá. Ta ló sọ pé ọdẹ fun fèrè? Ta ló wà níbẹ̀?

Orúkọ ajá wa ni Ẹ̀yìnlàárò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́. Bí ìwọ àti ìyáálé rẹ bá ń bára yín yan odì, tí o ò sì lè bú u lójú, o lè gba ọmọ ajá kan kí o sọ ọ́ ní Ọlọ́runńwò. Láràárọ̀, tí o bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, wàá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wàá ké tantan pé, "Ọlọ́runńwò o! Ọlọ́runńwò!" Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á mọ̀. Kò sì lè bá ẹ jà, torí ajá lo pè. Bí òun náà bá gbọ́n, á ra tiẹ̀, á sọ ọ́ ní Kòkànmí. Àwọn ajá méjèèjì á máa ṣeré lábẹ́ igi, àwọn tó ni wọ́n á máa fi wọ́n bú ara wọn.

Ọdún 2015 ni bàbá mi gba Ẹ̀yìnlàárò. Ẹni tí wọ́n fi rán an sí ni ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Òjé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ọmọ Ìbàdàn tó bá wà láàárín yín, mi ò ní ṣàlàyé púpọ̀ fún un. Ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìwó ni Bàbá Òjé tà ní 2014, tí àbúrò rẹ̀ ò gbọ́ àfìgbà tí wọ́n ti ń da búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Bàbá mi kò pè é lẹ́jọ́. Wọn kò lọ fi ẹsẹ̀ halẹ̀ níwájú ẹbí. Wọ́n lọ gba ajá.

Iṣẹ́ bàbá mi, Micra ni wọ́n ń wà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tó bá kẹ́yìn oṣù, ìpàdé ẹbí máa ń wà ní agboolé wa l'Òjé, bàbá mi á sì gbé wa lọ. Ajá á jókòó níwájú. Èmi àti màmá mi á jókòó sẹ́yìn. (Màmá mi ò gbàgbé ìyẹn dòní.) Tí a bá ti dé, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, ajá á fò bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n á dúró kó sá lọ dé ìsàlẹ̀ agboolé, ìgbà náà ni wọ́n á wá pè é. Wọn kì í sáré pè é. Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu: "Ẹ̀... yìn... là... á... rò o!" Àwọn àgbà ẹbí á máa fi fìlà bojú rẹ́rìn-ín. Bàbá Òjé á jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ìloro, á máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ bíi pé kò gbọ́. Odidi ọdún márùn-ún! Nílé wa ní Mónátàn, bàbá mi kì í pe ajá yẹn lórúkọ. Súfèé ni wọ́n máa ń sú fún un, ìka méjì lẹ́nu, fííì, kíá á ti dé. Orúkọ, Òjé ló wà fún.

Ìyàwó Bàbá Òjé nìkan ni ò bá wọn dá sí i. Iwájú agboolé níbẹ̀ ni Ìyá Òjé ti ń ta àmàlà. Bí ajá bá ti ń kọjá, wọ́n á ju eegun sí i. Ajá ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n fi òun jẹ́. Eegun ló mọ̀.

Bàbá mi kú lóṣù Kẹjọ ọdún 2020. Àìsàn náà kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mi ò ní kọ nípa rẹ̀ níbí, mo ti gbìyànjú rẹ̀ nínú ewì mẹ́rin, kò sí èyí tó dáa níbẹ̀. Ẹ̀yìn agboolé l'Òjé ni wọ́n sin wọ́n sí. Láti ọjọ́ náà, màmá mi ò tẹ Òjé mọ́, èmi náà ò lọ. A ta Micra. Ó ku ajá.

Ní 2022, ẹ̀yin náà rántí, wọ́n gún wa ní ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo wà nílé, mo ń bá màmá mi ta gàrí àti èlùbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa. Ọwọ́ ò dẹ̀. Ẹni tó ń ta gàrí náà ń ra gàrí jẹ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé, ó so àgò onírin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹ ní ajá títà?" Mo gbọ́ tí màmá mi bi í pé, "Èló lẹ máa rà á?" Ó ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Mo jáde bí ẹni tí kòkòrò ta. Mo ní ajá ta ni wọ́n fẹ́ tà? Ajá bàbá mi? Màmá mi ní, "Mo kàn béèrè ni. Béèrè ò di títà." Ọkùnrin náà bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé Ìléyá ọdún náà ló sọnù. Fóònù mi dún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì dáa nínú ilé wa, mo bá jáde. Géètì wa, ó ní bó ṣe ń ṣe. Tí èèyàn bá ti tì í, ó gbọ́dọ̀ gbé irin rẹ̀ sókè kó tó wọ ihò. Mo fi ẹsẹ̀ tì í lásán. Mo lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò àwọn ará iwájú wa, mo ń bá ẹni tó pè mí sọ̀rọ̀. (Ẹ má bi mí pé ta ni. Kò sí láàárín wa mọ́.) Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó padà. Géètì ti ṣí gbayawu. Abọ́ omi ajá wà níbẹ̀, ajá ò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bó ṣe rí. Mo mọ̀ pé èmi ni mi ò kan géètì. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó la ẹnu mi. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù màmá mi ni mo lọ tààrà, mo ní, "Ẹ ti tà á, àbí?"

Wọ́n ń jọ gàrí. Wọn ò dáwọ́ dúró. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ó dáa." Bó ṣe parí nìyẹn. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi retí pé kí wọ́n bú mi, wọn ò bú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ wo ọ̀ràn: ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún, tó wọ sílípáàsì, tó ń rìn lójú títì Mónátàn, tó ń ké pé, "Ẹ̀yìnlàárò! Ẹ̀yìnlàárò o!" Àwọn kan rò pé ajíhìnrere ni mí. Ọlọ́kadà kan ní, "A ti gbọ́, wòlíì obìnrin." Ìyá kan tó ń ta àkàrà ní oríta mi orí, wọ́n ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ẹ̀yìn là á rò. Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?" Nígbà tí mo ní ajá ni mò ń wá, wọ́n wò mí títí, wọ́n bu àkàrà méjì fún mi, wọn ò gbowó.

Mo ní kí n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Ajá yẹn ò fẹ́ràn kámẹ́rà. Fọ́tò mẹ́rìnlá ni mo rí nínú fóònù mi, mẹ́tàlá níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló hàn. Ìkẹrìnlá, ẹsẹ̀ bàbá mi ló wà níbẹ̀, ajá gbórí lé bàtà wọn, ó ti sùn. Mi ò lè gbé ìyẹn síta. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀yìn síni, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ajá pupa, abo, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú funfun, etí òsì ya díẹ̀, ẹni tó bá rí i kó jọ̀ọ́ pè mí. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí báyìí ló dá mi lóhùn pé, "Ṣé ẹ̀yìn tí a ó máa rò náà nìyẹn?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà omi ọ̀hún ò dá mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan ní kí n lọ wo ẹ̀yìn àwọn mẹkáníìkì. Gbogbo wa ní ẹ̀ka wa la mọ̀ pé ajá ni Ògún ń jẹ. A ti kọ ọ́ nínú ìdánwò. A mọ̀ nípa ọdún Ògún ní Oǹdó àti ní Ìrè-Èkìtì, a mọ ìdí tí awakọ̀ fi ń bọ ọ́. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ pé kí èèyàn wọ ibi tí wọ́n so ajá méje mọ́ òpó kan, kó máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gbó. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ajá tí kò gbó mọ́, ó ti mọ nǹkan. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ò burú, ó gbé àga fún mi, ó ní, "Àǹtí, lókílí lèmi ń tà, mi ò jí ajá rí. Ẹni tó bá tà fún mi ni mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀." Mo bi í bóyá wọ́n ti gbé ajá pupa kan wá láti Ọjọ́bọ̀. Ó ní ajá pupa pọ̀. Ó tọ́ka sí àwọn awọ kan lórí páànù. Mo lọ síbẹ̀, mo ń fi igi yẹ̀ wọ́n wò, mò ń wá ẹsẹ̀ funfun. N kò rí i. Bí mo ṣe ń lọ, ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn na ìrù sí mi. Mo ní ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà lọ́wọ́. Mo ṣì ń rántí ajá yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ kékeré kan sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n ti pa ajá dìgbòlugi kan lápá Ìwó Road, pé pupa ni. Mo gun ọ̀kadà. Òkò ni wọ́n fi pa á, ó wà létí gọ́tà. Akọ ni. Mo dúpẹ́, ojú sì tì mí pé mo dúpẹ́. Mo bi àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá ó bu ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n ní rárá, itọ́ ló ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ajá ọgbà wa ṣeré lẹ́yìn họ́sítẹ̀lì: bí ajá bá bu yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Láti 1885 tí Pasteur ti fún ọmọ tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá ti fi ara hàn, ẹni tó ń yè é kò wọ́pọ̀. Ọdọọdún ni bàbá mi ń gbé tiwa lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Káàdì rẹ̀ wà nínú Bíbélì wọn títí dòní, láàárín ìwé Jóòbù. N kò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀.

Ìgbà tí mò ń ti Ìwó Road bọ̀ ni mo yà lọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Wọ́n ní, "Ẹ ò tíì rí i, ìwọ àti màmá ẹ?" Mo ní, màmá mi kẹ̀? Wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ ni? Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa ń kọjá níbí, àwọn àti tọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ Ẹtì."

N kò sọ nǹkan kan nígbà tí mo délé. Ẹnu mi wúwo. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí n ní, Màmá, ẹ máà bínú. Mo kàn bá wọn fọ abọ́ ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, iná ti lọ, a jókòó síta. Màmá mi ní, láìwò mí, "O ti dé Òjé?"

Mo ní, "Òjé kẹ̀? Báwo ló ṣe máa dé Òjé?"

Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti ń fún un léegun nìyẹn. Ìwọ náà rò ó wò." Ní àárọ̀, mo bá owó ọkọ̀ lórí tábìlì, lábẹ́ ife. Àwọn ò ní lọ. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹnì kan ṣoṣo ni. Àlọ ẹnì kan, àbọ̀ ènìyàn méjì. Ìgbà tí mo ti wọkọ̀ tán ni mo tó ka owó náà dáadáa, tó yé mi.

Ọkọ̀ méjì ni láti ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan dé Ìwó Road, èkejì gba Àgódì Gate wọ Òjé. Mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta aṣọ òkè, ẹsẹ̀ mi ń wárìrì bíi pé èmi ni mo ta ilẹ̀.

Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kọ ọ́ pé orí sàréè bàbá mi ni mo ti bá a. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwé kan, mo sì ti ya á. Irọ́ ni. Abẹ́ bẹ́ǹṣì bukà ni mo ti bá a. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì di eegun mú, ó ti sanra. Ó gbórí sókè, ó wò mí bí ẹni wo kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń béèrè owó lẹ́ẹ̀kejì, ó mi ìrù lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà sídìí eegun rẹ̀.

"Yéè! Ọkọ mi!" Ìyá Òjé ló kígbe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ju orógùn sílẹ̀, wọ́n dì mọ́ mi, ọwọ́ wọn kún fún àmàlà. "Ọkọ mi kékeré, o ti dàgbà báyìí? Ìyá ẹ ńkọ́? Alàájì! Ẹ wá wo ẹni tó dé o!"

Bàbá Òjé wà lórí àga wọn lẹ́nu ìloro, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán sà."

"Pẹ̀lẹ́. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà sà. Wọ́n ní kí n kí yín." (Wọn ò ní bẹ́ẹ̀.)

"Ajá lo wá wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo wá kí ẹ̀yin náà."

"Hùn-ún." Wọ́n ka tẹ̀sùbáà mẹ́ta sí i. "Ọjọ́ Ẹtì tí à ń ti Jímọ́ọ̀ bọ̀ la bá a níbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Mo ní kí wọ́n wá abọ́ tiẹ̀ fún un, kó má jẹ nínú abọ́ èèyàn. Kì í wọ ìloro, torí àlùwàlá. Ó mọ̀ ọ́n. Bíńgò gbọ́n."

Bíńgò! Mo wo abọ́ náà. Abọ́ tánganran tuntun ni, olódòdó pupa. Ẹ̀mí mi gbóná díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ! Èmi tí mò ń yẹ awọ ajá wò lórí páànù! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé mo ti kọjá àyè mi. Wọ́n wá ní, "Nọ́ńbà ta ni mo ní nínú yín? Ti bàbá rẹ ni mo ní." Wọ́n yí ojú sí ọ̀nà. "Mo tiẹ̀ pè é. Lọ́jọ́ tí ajá dé. Wọ́n ń sọ òyìnbó fún mi."

Kò sí ohun tí èèyàn lè fi dáhùn ìyẹn. Mo dìde, mo ní kí n pe ajá mi ká máa lọ. Mo la ẹnu, orúkọ ò jáde. Ṣé kí n dúró níwájú arúgbó yìí, lẹ́yìn abọ́ tánganran, kí n ké Ẹ̀yìnlàárò? Mo ki ìka méjì bọ ẹnu, mo fẹ́ súfèé bíi bàbá mi. Mi ò mọ̀ ọ́n sú. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, pẹ̀lú itọ́. Ajá ò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Òwe mi nìyẹn o, pẹ̀lú máàkì méjì rẹ̀: ọdẹ ni kò mọ fèrè fun.

Bàbá Òjé ní, "Pè é lórúkọ rẹ̀."

"Bíńgò náà dáa, sà."

"Mo ní kí o pè é lórúkọ rẹ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún?"

Mo dúró bí òpó. Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà sórí itan, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì pè é fúnra wọn. Wọn ò sáré pè é. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́: "Ẹ̀... yìn... là... á... rò o!" Ohùn náà, ohùn bàbá mi ni. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn wọn jọra tó bẹ́ẹ̀; bóyá torí wọn kì í sọ̀rọ̀ papọ̀ ni.

Ajá fò dìde, ó fi ẹ̀yìn ti bẹ́ǹṣì ṣubú, ọbẹ̀ oníbàárà kan dànù. Kò sá wá sọ́dọ̀ mi, kò sì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Òjé. Ibi tí Micra máa ń dúró sí ló sá lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò. Ó gbóòórùn ilẹ̀ yí po. Ó tún wò. Ìyá Òjé kọjú sí ìkòkò wọn, wọ́n ń ro àmàlà tó ti jinná. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yí padà. Ó wá rọra rìn wá bá mi, ó gbórí lé bàtà mi.

Wọn ò jẹ́ kí n lọ láìjẹun. Mo jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹran mẹ́ta. Bàbá Òjé kò mẹ́nu ba ilẹ̀, èmi náà ò mẹ́nu bà á. Ilẹ̀ ò padà, ilé alájà méjì ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Wọ́n gba nọ́ńbà mi, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ sínú fóònù. Mo wò ó, nọ́ńbà bàbá mi ṣì wà níbẹ̀, "Àbúrò mi" ni wọ́n kọ. Mo kọ tèmi sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn agboolé, èmi àti ajá, a dúró díẹ̀. Ajá tọ̀ sára igi ọsàn. Mi ò fi ṣe àmì ohunkóhun.

Awakọ̀ Micra tó gbé wa bọ̀ ní ajá ò lè wọ mọ́tò òun. Mo ní màá sanwó rẹ̀. Ó ní tó bá sanwó, èrò ni. Ọmọ tó jókòó tì wá bi mí pé kí lorúkọ ajá. Mo sọ ọ́. Awakọ̀ ní, "Lóòótọ́ o," gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ títí a fi kọjá Gate.

Màmá mi wà lẹ́nu géètì. Wọ́n wo ajá, wọ́n ní, "O wá sanra. O ò tiẹ̀ rántí ẹnikẹ́ni." Ajá ń lá wọn lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí yẹ̀pẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mi ò kan géètì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo rí ẹ láti ṣọ́ọ̀bù, tí o fi ẹsẹ̀ tì í. Mo ní màá dìde lọ kàn án. Oníbàárà dé." Wọ́n fa etí ajá, etí tó ya yẹn. "Èmi náà ò dìde."

Lóṣù Kejìlá ọdún náà, Bàbá Òjé wá kí wa ní Mónátàn. Wọn ò tíì wá ilé wa rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Funfun ni wọ́n wọ̀ látòkèdélẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, ajá ti ń bọ̀ tòun ti ẹsẹ̀ ẹrẹ̀, màmá mi sì gbọ́dọ̀ pè é padà kó tó ba aṣọ jẹ́. Èmi wà nínú kíṣìnì, mo ń wò wọ́n láti ojú wíńdò. Màmá mi la ẹnu, wọ́n wo àlejò wọn, wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n tún là á.

"Bíńgò!" ni wọ́n pè. "Bíńgò! Wá níbí!"

Ajá ò dá wọn lóhùn.